Ọ̀sẹ̀ kan lórí òkun: Nọ́wè láti Southampton, àbí Mẹditéráníà láti Barcelona?

Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti bi mí ní ìbéèrè yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu láti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Èwo ló dára jù nínú kúrúùsì (ìsinmi orí ọkọ̀ ojú omi ńlá) ọ̀sẹ̀ kan: èyí tó ń gbéra ní Southampton lọ sáàárín àwọn òkè Nọ́wè, àbí èyí tó ń gbéra ní Barcelona tó ń yí etí òkun Mẹditéráníà ká? Mo ti lọ méjèèjì. Ti Nọ́wè, èmi àti ìyá mi la jọ lọ, nínú oṣù Kẹfà. Ti Mẹditéráníà, èmi, bàbá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ni, nínú oṣù Kẹjọ tí ilé ìwé ti gba ìsinmi. Iye tá a san fún yàrá lórí méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àmọ́ ìsinmi méjèèjì kò jọra rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yan ìrìn-àjò. Wọ́n á ní àwọn ń wá èyí tó tóbi jù, tó ní omi ìwẹ̀ tó pọ̀ jù, tí eré alẹ́ rẹ̀ dùn jù. Èmi ò sọ pé ìyẹn kò ṣe pàtàkì, ọkọ̀ tó dọ̀tí á ba ìsinmi jẹ́ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ibo lẹ fẹ́ jókòó sí tí ẹ ó fi máa wòran? Ní Nọ́wè, orí ọkọ̀ lẹ máa wà tí ìran á máa kọjá lójú yín. Ní Mẹditéráníà, ńṣe ni ọkọ̀ ń gbé yín sùn láti ìlú kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi wá ìran kiri tílẹ̀ bá mọ́. Ọ̀rọ̀ owó, yàrá, físà, títí kan aṣọ tẹ́ ẹ máa dì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá.

Nọ́wè: ìran ló ń wá bá èèyàn

Bí ọjọ́ wa ṣe lọ rèé. Ọjọ́ kìíní, a wọkọ̀ ní Southampton. Ọjọ́ kejì, òkun ni látàárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà, Stavanger, Olden, Flåm àti Bergen, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Òkun lọ́jọ́ keje, a sì jí ní Southampton lọ́jọ́ kẹjọ. Ọjọ́ méjì gbáko lẹ máa lò lórí òkun láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Fíọ̀dù ni wọ́n ń pe apá òkun tóóró tó ya wọ àárín òkè, tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìn. Sognefjord tá a gbà kọjá lọ sí Flåm gùn ju 200 kìlómítà lọ, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ lé ní 1,300 mítà. Omi yẹn jìn débi pé ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà púpọ̀ lè sún mọ́ ara òkè tí kò ní fi ìsàlẹ̀ gbálẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Flåm yẹn, mo jí ní nǹkan bí aago márùn-ún, mi ò rí ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkàn mi fò. Ìta, lórí bálíkónì, ni wọ́n wà, wọ́n ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora dé etí, ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n wà lórí àga kejì. Ọkọ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ò dé ọ̀dọ̀ wa, omi tó ń já láti orí òkè nìkan là ń gbọ́, àwọn kan tín-ín-rín bí òwú, àwọn kan fẹ̀, gbogbo wọn funfun lára àpáta dúdú. Ìyá mi ń kà wọ́n. Ilẹ́ṣà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì mọ omi tó ń já lókè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti kékeré. Nígbà tí wọ́n kà á dé mọ́kànlélógún, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Olúmirin, àwa là ń gun òkè lọ bá a. Àwọn wọ̀nyí ló ń wá bá wa lórí àga."

Mi ò rí ẹni tó ṣàlàyé kúrúùsì Nọ́wè fún mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, orúnkún kan kì í jẹ́ kí wọ́n rìn ju ìdúró bọ́ọ̀sì méjì lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n dé orí òkè mẹ́ta láìgun àtẹ̀gùn kan tó lórúkọ. Ní Flåm, ọkọ̀ ojú irin ń gbéra nítòsí èbúté gan-an, ó ń gun 20 kìlómítà lọ sí Myrdal, ibẹ̀ sì lé ní 860 mítà sí òkun. Ó gba nǹkan bíi wákàtí kan, ó sì ń dúró níwájú Kjosfossen, omi kan tó ń já láti orí òkè, kí èrò bọ́ sílẹ̀ wo omi náà ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní Loen, tí kò jìnnà sí Olden, yàrá onígíláàsì kan tí wáyà ń fà ń gbé èèyàn dé 1,011 mítà. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Ní Bergen, reluwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Fløibanen, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1918, ń gbéni láti àárín ìgboro dé orí òkè Fløyen, 320 mítà. (Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ti Flåm kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá dé, ó máa ń tán.)

Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ṣì máa rí ohun tó fẹsẹ̀ ṣe o. Nítòsí Stavanger, Preikestolen ń bẹ, àpáta pẹrẹsẹ tó ga ní 604 mítà sókè Lysefjord. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, orí òkúta sì ni. Èmi àti ìyá mi, ọkọ̀ ojú omi kékeré la wọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, àwọn tó dúró lórí àpáta náà kéré bí èèrà.

Bergen nìkan ló bá wa lójò. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, ìlú yẹn ń rójò ní ohun tó ju igba ọjọ́ lọ lọ́dún kan. Ilé pákó Bryggen tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ kọ́ létí omi dára láti wò nínú òjò náà, àmọ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ di ẹni tó bá dàgbà lọ́wọ́ mú.

Mẹditéráníà: ẹsẹ̀ ló ń wá ìran lọ

Ọ̀nà tiwa ni Barcelona, Palma, Marseille, La Spezia, Civitavecchia, Naples, ọjọ́ kan lórí òkun, ó di Barcelona. Ìlú márùn-ún léraléra, ọjọ́ márùn-ún léraléra. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin mi ń bi mí bóyá a lè fi ìlú òní sílẹ̀ ká lọ wẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ìwé ìpolówó kì í sọ sókè: orúkọ ìlú tí wọ́n kọ kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí nígbà gbogbo. Wọ́n á kọ "Róòmù". Civitavecchia ni ọkọ̀ máa dúró, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Róòmù. Wọ́n á kọ "Florence àti Pisa". La Spezia lẹ máa bọ́ sí, reluwé láti ibẹ̀ dé Pisa tó bíi wákàtí kan, ti Florence sì tó wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Róòmù pọ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Kí gbogbo wa tó jáde, ká wọ bọ́ọ̀sì èbúté, ká dé ibùdókọ̀ reluwé, aago mẹ́sàn-án ti ń lù. Reluwé lo bíi wákàtí kan. Wọ́n sì ní ká ti wà nínú ọkọ̀ padà ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ wákàtí ìpadàbọ̀ kúrò, tẹ́ ẹ tún fi wákàtí kan àbọ̀ pamọ́ fún àìmọ̀, ohun tó kù fún Róòmù látòkè délẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́fà lọ, nínú oòrùn oṣù Kẹjọ.

Àwa ò fi wákàtí kan àbọ̀ pamọ́. Ìṣẹ́jú ogójì la fi pamọ́. Reluwé ìpadàbọ̀ dúró sáàárín ọ̀nà, kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa lédè tá a gbọ́, mo sì jókòó níbẹ̀ tí mò ń wo aago tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tá a sáré dé ẹnu ọkọ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn lẹ sanwó fún pé kí wọ́n mú yín lọ wòlú, tí bọ́ọ̀sì wọn sì pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bẹ́ ẹ bá dá lọ fúnra yín, kò ní dúró. Ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín lé e dé ìlú kejì. Láti ọjọ́ yẹn, mo pinnu pé ìlú tó bá ti ju wákàtí kan lọ sí èbúté, ìrìn ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo máa san, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Ìlú tó wà nítòsí, bíi Palma àti Naples, mo lè dá rìn ín.

Síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀ lílọ. Nínú Róòmù, ẹ̀rọ omi kékeré wà lójú pópó tí wọ́n ń pè ní nasone, imú ńlá nìtumọ̀ rẹ̀. Omi tútù ń ṣàn níbẹ̀ tọ̀sántòru, ọ̀fẹ́ ni. Ihò kékeré kan wà lórí páìpù rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìka dí ẹnu ìsàlẹ̀, omi á ta sókè gba ihò yẹn, ẹnu lẹ kàn máa gbé sí i. Àwọn ọmọ mi ti gbàgbé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tá a wọ̀, àmọ́ wọn ò gbàgbé omi yẹn. Gbogbo nasone tá a bá pàdé ni wọ́n ń dúró sí.

Naples ló dùn mọ́ mi jù. Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sẹ́bàá ìgboro gan-an, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn jáde. A wọ reluwé Circumvesuviana, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, a bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Pompeii, ìlú tí eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Mo rò pé òkúta wíwó la máa rí. Títì ni mo rí. Ipa táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gé wọnú òkúta títì náà bí ìgbà tí ọ̀bẹ gé àkàrà, òkúta gíga mẹ́ta wà lójú ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá kí ẹsẹ̀ wọn má kan ìdọ̀tí. Ní igun kan, ṣọ́ọ̀bù olóúnjẹ wà níbẹ̀: kàǹtà oníbíríkì, ihò rìbìtì-rìbìtì lójú rẹ̀ tí wọ́n ri ìkòkò sí. Bàbá àwọn ọmọ mi fọwọ́ kan etí ògiri rẹ̀, wọ́n ní, "Bùkà rèé." Bùkà náà ni lóòótọ́. Ẹni tó ń tà níbẹ̀ á ti bu oúnjẹ fún oníbàárà kan láàárọ̀ ọjọ́ tí òkè yẹn bú. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn ọmọ fi ní òòrùn ń pa àwọn.

Òòrùn náà ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Pompeii ò níbòji. Bí kì í bá ṣe ìsinmi ilé ìwé ló dè yín mọ́lẹ̀, ẹ lọ nínú oṣù Karùn-ún tàbí ìparí oṣù Kẹsàn-án. Bẹ́ ẹ bá ní láti lọ nínú oṣù Kẹjọ bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí ìrìn parí kí aago kan ọ̀sán tó lù.

Físà: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀

Ìyá mi ń lo ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí wàhálà. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣì ń lo ti Nàìjíríà. Àṣẹ ìgbélùú tí wọ́n ní ní UK kò ṣílẹ̀kùn Yúróòpù fún wọn. Àwọn kan rò pé Nọ́wè yọ sílẹ̀ nítorí pé kò sí nínú European Union. Kò yọ sílẹ̀, ó wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan ṣoṣo, físà kan náà ni wọ́n ń béèrè. Ẹ má sì sọ pé "mi ò ní sọ̀ kalẹ̀, inú ọkọ̀ ni mo máa wà." Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè má jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé rárá tí físà tí ọ̀nà yẹn gbà kò bá sí lọ́wọ́ yín, owó yín á sì wọlẹ̀.

Owó físà jẹ́ €90 fún àgbàlagbà, €45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá. Wọ́n máa béèrè inṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó bo ìtọ́jú àìsàn tó €30,000, ó kéré tán. Ẹ lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Ní tòótọ́, ọjọ́ ìpàdé fún ìtẹ̀ka ló ń pẹ́ rí, pàápàá kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Lórí èyí, Nọ́wè rọrùn jù. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń lọ, ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa lọ béèrè. Ti Mẹditéráníà, ẹ ní láti ka ọjọ́: orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa lò jù ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, bí ó bá dọ́gba, ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀. Ẹ tún wo máàpù ọ̀nà náà dáadáa. Àwọn ọkọ̀ kan ń yà ní Tunis, àwọn kan ń yà ní Tọ́kì. Tí ọkọ̀ bá ti yà síbẹ̀, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, ẹ tún fẹ́ wọlé padà, físà tí wọ́n fún yín láti wọlé lẹ́ẹ̀kan péré kò ní tó. Ìṣòro yìí ò ṣẹlẹ̀ sí wa nítorí Spéìn, Faransé àti Ítálì nìkan ni ọ̀nà wa gbà. Mo mọ ẹnì kan tó ṣẹlẹ̀ sí, èbúté ló ti padà sílé.

Owó tí kò sí lára owó ọkọ̀

Sí Southampton, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Waterloo, bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó gbé àpótí wa sórí ìwọ̀n. Àpótí mẹ́ta ni ìyá mi dì, gèlè wà nínú ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. Sí Barcelona, a san ọkọ̀ òfurufú fún èèyàn mẹ́rin, a san ti ẹrù, a sì sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ kan. Ẹ má yọ alẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò kẹ́ ẹ lè dín owó kù. Ọkọ̀ òfurufú tó bá pẹ́ kò kan ọkọ̀ ojú omi, yóò lọ ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ó yí padà. Nọ́wè wọ́n. Àwo ọbẹ̀ ẹja kan ní Bergen mú mi ronú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀, ẹ lè jẹun àárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì padà wá jẹun ọ̀sán, nítorí pé ọkọ̀ dúró sítòsí. Ní Ítálì, oúnjẹ ò wọ́n, ìwọ̀nba owó ló yó àwa mẹ́rin ní Naples, àmọ́ ẹ ò lè padà sínú ọkọ̀ wá jẹun ọ̀sán láti Róòmù, nítorí náà ojoojúmọ́ lẹ ń ra oúnjẹ, reluwé, tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé. Nígbà tá a ṣírò rẹ̀ tán, ìnáwó ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ pọ̀ ní Mẹditéráníà ju ti Nọ́wè lọ, èyí tí mi ò retí.

Ẹ wo nǹkan méjì sí i lórí ọkọ̀ èyíkéyìí. Àkọ́kọ́ ni owó ẹ̀bùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi sínú owó yàrá, àwọn mìíràn ń bù ú sórí yín lójoojúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú. Ìkejì ni fóònù. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò létí ilẹ̀, fóònù yín lè so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkọ̀ tó ń gba sátẹ́láìtì, tí iye rẹ̀ ò sí nínú owó tẹ́ ẹ ń san lóṣooṣù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní alẹ́ kìíní ti Nọ́wè, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi wo fídíò kan, owó tí wọ́n kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà tó owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú kí ọkọ̀ tó ṣí.

Yàrá, àti ìgbì

Bó bá jẹ́ Nọ́wè, ẹ wá owó bálíkónì. Bó bá jẹ́ Mẹditéráníà, ẹ mú yàrá inú tí kò ní fèrèsé, ẹ fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní orí dẹ́ẹ̀kì òkè tó fún gbogbo èèyàn ní Nọ́wè, ẹnikẹ́ni lè gòkè lọ wòran. Òótọ́ ni, ẹni tí ara rẹ̀ le lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń sọ yìí, nínú òtútù, àti ìyá àgbà tí kò lè dúró pẹ́. Ẹ má da ara yín láàmú lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì, ọ̀nà tí ọkọ̀ bá gbà wọ fíọ̀dù náà ló máa gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á rí ìran. Ní Mẹditéráníà, òru ni ọkọ̀ ń rìn, òkùnkùn lẹ máa wò láti bálíkónì. Ẹ kàn fi aago ìtanijí sí fóònù, nítorí yàrá inú ṣókùnkùn tí ẹ ò fi ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Òkun Àríwá tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nọ́wè máa ń ru. Alẹ́ kejì wa, omi inú kọ́ọ̀bù ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ìyá mi ń pe orúkọ Jésù. Ẹ béèrè yàrá àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìmìtìtì rẹ̀ kéré jù. Ẹ lo oògùn èébì ojú omi kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í daamú yín, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í tètè ṣiṣẹ́ mọ́. Atalẹ̀ tútù tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá ni ìyá mi ń jẹ lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọ inú fíọ̀dù báyìí, omi á dúró bí omi inú àwo. Mẹditéráníà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rọ̀ ní ti wa, a ò mọ̀ pé ọkọ̀ ń rìn.

Ọ̀rọ̀ kan péré lórí ìdánwò ewu ọjọ́ kìíní, níbi tí wọ́n ti ń fi ohun tí èrò máa ṣe bí ewu bá dé hàn wọ́n: ẹ lọ, ẹ má sápamọ́ sí ibi oúnjẹ. Ìró kúkúrú méje àti gígùn kan nìkìlọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Costa Concordia dojú dé létí erékùṣù Giglio lóṣù Kìíní ọdún 2012, tí èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n kú, ni wọ́n sọ ọ́ dòfin pé ìdánwò yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí bó ṣe ń ṣí gẹ́lẹ́. Àwọn kan nínú èrò ọkọ̀ yẹn kò tíì ṣe tiwọn nígbà tí ewu dé.

Aṣọ àti ata

Alẹ́ aṣọ àríyá máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Southampton. Aṣọ wa ti kún ojú òṣùwọ̀n fún un, kò sídìí láti lọ ra kóòtù. Ìyá mi wọ aṣọ òfì, wọ́n wé gèlè tó bá a mu, olóúnjẹ tó ń gbé abọ́ wa wá sì ní kí wọ́n dúró kí òun wo bí wọ́n ṣe wé e. Fún òtútù òwúrọ̀ fíọ̀dù, ẹ di súwẹ́tà àti aṣọ òjò, kódà nínú oṣù Kẹfà. Fún Mẹditéráníà, ẹ di ọ̀pá àǹkárá kan sínú báàgì ọwọ́: ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Peter's ní Vatican, láàárín Róòmù, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ hàn wọlé, wọ́n ń dá àwọn tí kò mọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, èmi kàn ró tèmi mọ́ ṣòkòtò péńpé ni.

Oúnjẹ ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì ta. Ẹ mú ata gígún yín dání.

Ta ni kó lọ síbo?

Bó bá jẹ́ òbí yín lẹ fẹ́ gbé jáde, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí tọkọtaya tí iṣẹ́ ti tán lókun tí wọ́n fẹ́ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, Nọ́wè ni. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù físà pẹ̀lú, tó fẹ́ ọ̀nà tí kò lọ́jú pọ̀, Nọ́wè náà ni. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́jọ sókè, tó lè rìn, tó ń kọ́ ìtàn Róòmù nílé ìwé, ẹ gbé e lọ sí Mẹditéráníà, àmọ́ ẹ yan ìlú mẹ́ta nínú márùn-ún tẹ́ ẹ máa rìn dáadáa. Ní ìlú méjì tó kù, ẹ dúró sórí ọkọ̀ kẹ́ ẹ wẹ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti jáde, omi ìwẹ̀ á ṣófo sílẹ̀ fún yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mi ò ní gbé e lọ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, yàrá ọkọ̀ há jù.

Ẹni tó bá ń wá oòrùn lásán, kí ó má lọ sí Nọ́wè rárá. Oòrùn á wà, ó tilẹ̀ lè wà títí di aago mọ́kànlá alẹ́ nínú oṣù Kẹfà, àmọ́ kò ní móoru.

Ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀. Ẹnì kan sọ fún wọn lórí ọkọ̀ pé ìgbà yẹn ni yìnyín orí òkè ń yọ́, tí omi tó ń já máa ń pọ̀ jù, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ kà á ju mọ́kànlélógún lọ. Àwọn ọmọ ní àwọn ò lọ síbi òtútù. Nítorí náà èmi àti ìyá mi nìkan ni, mo ti san owó àsansílẹ̀: àárín ọkọ̀, àjà ìsàlẹ̀, oníbálíkónì.